Fréjọ̀n Tí Màámi Bù Sílẹ̀ Dè Mí

Kì í ṣe òtútù ló kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí nílùú òyìnbó. Òtútù, wọ́n ti sọ ọ́ fún mi títí ní Ìsàlẹ̀ Gángan l'Ékòó kí n tó wọkọ̀, mo sì ti ra kóòtù dè é. Ohun tó dẹ́rù bà mí ni ọkùnrin kan tó jókòó tì mí lórí bẹ́ǹṣì níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kìíní. Ó tú búrẹ́dì nínú bébà, ó jẹ ẹ́ tán níṣojú mi, kò sì sọ pé kí n wá jẹun. Kò tilẹ̀ wò mí. Ó nu ẹnu rẹ̀, ó dìde. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ro ohun tí mo fi ṣẹ̀ ẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, èmi náà mú búrẹ́dì dání. Mo fẹ́ kí òyìnbó náà mọ̀ pé ilé tó dáa ni mo ti wá, ni mo bá ní kó wá jẹun. Nílé wa, tí èèyàn bá ń jẹun tí ẹnì kan bá yọ, dandan ni kó ní, "Ẹ wá jẹun." Ẹni yẹn náà á ní, "Á gba ibi ire o," á sì bá tirẹ̀ lọ. Ibi tí ọ̀rọ̀ máa ń parí sí nìyẹn. Jímù, bí wọ́n ṣe ń pe ọkùnrin náà, rẹ́rìn-ín músẹ́, ó dúpẹ́, ó sì mú ìdajì búrẹ́dì mi. Ìdajì tó tóbi jù ló mú. Ebi ọjọ́ náà kò ṣeé fẹnu sọ. Inú bí mi sí i fún ìgbà díẹ̀ kí ọ̀rọ̀ náà tó di ẹ̀rín.

Abọ́ ni èmi àti Jímù ń fọ̀ ní ilé oúnjẹ ńlá kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Kò tíì pẹ́ púpọ̀ tí ogun Hítílà parí nígbà náà, àwọn òyìnbó fúnra wọn ṣì ń sọ̀rọ̀ ebi ìgbà ogun, síbẹ̀ abọ́ á dé ọ̀dọ̀ wa pẹ̀lú ẹran lórí rẹ̀, pẹ̀lú pòtétò àti ẹ̀fọ́ bíbọ̀ tí kò níyọ̀, a ó sì gbá gbogbo rẹ̀ dà sínú garawa. Bí mo ṣe ń dà á nù ni mo máa ń ronú pé bí Màámi bá rí èyí, wọ́n á káwọ́ lérí. Ilé oúnjẹ ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ebi ló sì ń pa mí. Kì í ṣe pé n kò rí oúnjẹ jẹ o. Mò ń jẹ, mò ń yó, àmọ́ oúnjẹ náà kò mọ̀ mí, èmi náà kò mọ̀ ọ́n.

Màámi kì í ṣe ọmọ Ìsàlẹ̀ Gángan. Pópó Àgùdà ni wọ́n ti fẹ́ wọn wá, ọmọ àwọn tí baba ńlá wọn ti Bùràsíìlì padà dé sí Èkó. Ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà ni Màámi ń lọ, bẹ́ẹ̀ mùsùlùmí ni gbogbo ilé bàbá mi. Bàbá mi tètè kú, mi ò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ wọ́n. Ẹ̀gbọ́n wọn, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Àgbà, tí wọ́n ń ta aṣọ ní Ìdúmàgbò, ni olórí ilé. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, n kò rí ẹni tó bá Màámi fa ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn. Tí ẹ bá bi mí léèrè ìdí rẹ̀, màá ní fréjọ̀n ni.

Fréjọ̀n ni oúnjẹ tí àwọn Àgùdà ń sè ní Gúúdù Fúráídè, ọjọ́ tí wọn kì í fi ẹran kan ẹnu. Láti ọ̀sán Tọ́sìdeè ni Màámi á ti jókòó sórí àpótí wọn nídìí ààrò, wọ́n á gbé ẹ̀wà dúdú kaná, iná wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, títí á fi rọ̀. Wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á fi asẹ́ sẹ́ ẹ, wọ́n á rin àgbọn, wọ́n á fún oje rẹ̀ sí i, wọ́n á fi ṣúgà sí i. Nígbà tó bá kù díẹ̀ kó jinná, wọ́n á sọ nǹkan kan tí wọ́n dì sínú ìrépé aṣọ funfun sínú ìkòkò, wọ́n á sì dé e. Kò ní pẹ́ tí òórùn á fi gba gbogbo àgbàlá. Bàbá Àgbà tó ń ṣe tẹ̀sùbáà lọ́wọ́ á gbójú sókè. Òórùn yẹn gan-an ni fréjọ̀n. Láìsí i, ẹ̀wà oníṣúgà lásán ni.

Èmi ni àbíkẹ́yìn. Ìdí ààrò yẹn ni mo máa ń fẹ́ wà, Màámi á sì máa lé mi.

"Kí ni ọkùnrin ń wá nídìí ààrò? Lọ bá àwọn ẹgbẹ́ ẹ ṣeré."

"Màámi, kí lẹ dì sínú aṣọ yẹn?"

"Ẹnu ẹ ni. Ẹnu ẹ tó máa ń béèrè ọ̀rọ̀ jù ni mo dì síbẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Sìsí Àgbékẹ́, tó ń rin àgbọn lọ́wọ́, á rẹ́rìn-ín títí àgbọn á fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń lé mi nìyẹn tí mo fi dàgbà tí n kò mọ ohun tó wà nínú aṣọ náà.

Àmọ́ Màámi kì í lé èèyàn nídìí abọ́. Òfin kan wà tí wọn kì í rú: wọn kì í jẹun àfi tí wọ́n bá ti kọ́kọ́ bu ti gbogbo ẹni tí kò sí nílé sílẹ̀. Tèmi máa ń wà nínú abọ́ tánganran búlúù kan tí ẹnu rẹ̀ ti bó, pẹ̀lú àwo pẹrẹsẹ lórí. Mo lè lọ gbá bọ́ọ̀lù títí dé Obalende, kí n rìn gbéregbère títí, tí mo bá ti yọjú lẹ́nu ọ̀nà, ohun tí Màámi á kọ́kọ́ sọ ni, "Ṣé o ti jẹun?" Tí mo bá ní mo ti jẹun níta, wọn ò ní gbà bẹ́ẹ̀. "Kí lo jẹ?" Mo gbọ́dọ̀ ka ohun tí mo jẹ sílẹ̀, títí kan ẹni tó fún mi, kí wọ́n tó mí.

Lọ́jọ́ tí mo ń lọ, gbogbo ilé sunkún, Màámi ò sunkún. Wọ́n di kóòtù náà mọ́ mi lọ́rùn nínú oòrùn, wọ́n ní, "Tìrẹ á máa wà nínú abọ́." Mo rò pé ọ̀rọ̀ ìdágbére lásán ni.

Yàrá tí mo háyà ní Lọ́ńdọ̀nù wà lókè pátápátá nílé arúgbó kan, opó ni. Sítóòfù kan wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí àwa ayálégbé jọ ń lò. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo fi ata dín ẹja, ìyá onílé ṣí gbogbo fèrèsé ilé nínú òtútù, ó sì dúró sí ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn tó ń wúkọ́ kí n lè gbọ́. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń se oúnjẹ bí ẹni tó ń jalè. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà, kò sì sẹ́ni tó bú mi lójú. Ìṣòro mi ni pé bí n kò bá wọlé títí di ọ̀la, kò sí ìkòkò kan nínú ìlú náà tó máa mọ̀. Mo ti wá mọ̀ pé ibi tí wọ́n ti ń bu tèmi sílẹ̀ ni mò ń pè ní ilé. Gbogbo àdúgbò yòókù, mo kàn ń sùn níbẹ̀ ni.

Súlè, ọ̀rẹ́ mi ará Obalende, ló mú ìròyìn dé. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi, ó gbé gàrí wá fún mi láti ilé. Mo bi í léèrè ara Màámi, ó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn bàtà rẹ̀.

"Ara Màmá ò fi bẹ́ẹ̀ dá," ó ní. "Wọ́n wà o. Wọ́n wà. Wọn ò kàn jẹun mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀ ni."

"Kí lò ń pè ní wọn ò jẹun?"

"Wọ́n á sè é, wọ́n á bù ú fún gbogbo èèyàn, wọ́n á wá tọ́ ọ wò báyìí, ó tán. Sìsí yín ti kó padà sílé láti máa tọ́jú wọn. Ṣé o mọ̀ wọ́n, wọn ò ní gbà kéèyàn gba síbí lọ́wọ́ wọn."

Mo mọ̀ pé tí Màámi ò bá jẹun, ọ̀rọ̀ náà ti le, nítorí Súlè kì í sọ tó ìdajì ohun tó bá rí. N kò lágbára àtipadà sílé nígbà yẹn. Ohun kan ṣoṣo tí mo lè ṣe ni kí n gbọ́ ohùn wọn, kí n bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹun, kí n sì bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ń dì sínú aṣọ funfun. Mo lè kọ ìyẹn sínú lẹ́tà, àmọ́ láti ẹnu wọn ni mo ti fẹ́ gbọ́ ọ. Mo tún rò ó pé tí mo bá béèrè ọ̀rọ̀ oúnjẹ lọ́wọ́ Màámi, inú wọn á dùn, ó ṣeé ṣe kí oúnjẹ wù wọ́n jẹ.

Ọ̀rẹ́ Bàbá Àgbà kan ní tẹlifóònù ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ìdúmàgbò. A ránṣẹ́ síra wa títí tí ọ̀rọ̀ fi bọ́ sí Gúúdù Fúráídè, pé kí wọ́n mú Màámi wá síbẹ̀ lọ́sàn-án. Ìyá onílé gbà pé kí n lo tẹlifóònù tó wà nísàlẹ̀ ilé. Mo kí i títí ó fi sú u.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo ní màá se fréjọ̀n. Ẹ̀wà funfun ńláńlá kan ni mo rí rà, àgbọn tó wà sì jẹ́ gbígbẹ, wọ́n ti rin ín sínú páálí. Mo bọ ẹ̀wà náà, kò rọ̀. Mo da omi gbígbóná sórí àgbọn, mo fún un, omi ọṣẹ ló jọ. Nígbà tí mo pò wọ́n pọ̀, ó jó sídìí ìkòkò, òkè rẹ̀ kò sì jinná. Mo tọ́ ọ wò. Mo dà á nù, mo fọ ìkòkò, mo wọ kóòtù mi nínú ilé, mo lọ jókòó ti tẹlifóònù láìtíì jẹ nǹkan kan láti àná.

Ó dún. Obìnrin tó ń so ìlà pọ̀ sọ pé ìṣẹ́jú mẹ́ta ni a ní. Lẹ́yìn náà ni ariwo kan ń hó bí òkun, ohùn kan sì jáde látinú rẹ̀.

"Ta nìyẹn?"

Bàbá Àgbà ni. Ó yẹ kí n ti mọ̀. Tí nǹkan bá dé sí ilé wa, ta ni kó kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án bí kò ṣe olórí ilé?

"Èmi ni o, Bàbá. Ẹ káàsán o."

"Káàsán, ọmọ mi. Ṣé dáadáa lo wà?"

"Dáadáa ni, Bàbá."

"Àlàáfíà ni?"

"Àlàáfíà ni, a dúpẹ́. Ẹ̀yin náà ńkọ́, Bàbá?"

"Alhamdulilai. Iṣẹ́ ńkọ́?"

"A ń ṣe é, Bàbá."

"Òtútù yẹn ńkọ́? Ṣé kò mú ọ jù?"

"Kò mú mi jù, Bàbá."

"Onílé ẹ ńkọ́? Ṣé ara wọn le? Bá mi kí wọn. Sọ fún wọn pé bàbá ẹ ní ẹ kú ìtọ́jú."

Ìyá onílé wà lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì rẹ̀, ó ń wò mí. Mo yí sí i, mo ní bàbá mi kí i. Ó yà á lẹ́nu, ó mi orí. Mo sọ fún Bàbá Àgbà pé wọ́n dúpẹ́. Lẹ́yìn náà ni àdúrà bẹ̀rẹ̀. Ọlọ́hun á ṣọ́ mi lókè òkun. Àmín, Bàbá. Mi ò ní fi ojú sunkún ilẹ̀ àjòjì. Àmín, Bàbá. Màá fẹsẹ̀ ara mi rìn wọ ilé wa. Àmín. Mo ń gbọ́ Sìsí lẹ́yìn wọn tó ń ní, "Bàbá, Màámi," tí Bàbá Àgbà ń ní, "Mò ń bọ̀, mò ń bọ̀, ẹ jẹ́ n ṣàdúrà fọ́mọ." Ta ni ọmọ tó máa sọ fún bàbá rẹ̀ pé kó gbé àdúrà tì? Ẹnu mi ń ṣe àmín, ojú mi ń wo aago.

Lẹ́yìn náà, ohùn Màámi dé. Ó ti tín-ín-rín.

"Àbíkẹ́yìn mi."

"Màámi."

Wọ́n mí, mo gbọ́ ọ.

"Ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, Màámi. Ẹ̀yin náà, ẹ…"

Ìlà já. Obìnrin inú ẹ̀rọ náà ní àkókò wa ti pé. Mo di tẹlifóònù mú títí ìyá onílé fi wá gbà á lọ́wọ́ mi, tó sì rọra dá a padà sípò.

Nígbà tó di àsìkò òjò nílé, wáyà dé pé Màámi ti sinmi. Mo kà á, mo dì í, mo lọ síbi iṣẹ́, nítorí n kò mọ ibòmíràn tí mo lè lọ. Mo fọ abọ́. Nígbà ìsinmi, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì láìmú nǹkan kan dání. Jímù bi mí léèrè ohun tó ṣe mí, mo sọ fún un. Ó tú búrẹ́dì rẹ̀ nínú bébà, ó ya á sí méjì, ó na ìdajì tó tóbi jù sí mi.

"Wá jẹun," ó ní.

Ó yẹ kí n ní, "Á gba ibi ire o." Mo gbà á. Èmi àti Jímù jẹ búrẹ́dì náà pọ̀, omijé ń kán sórí tèmi, mi ò nù ún.

Ìyá onílé náà gbọ́. Ní ọjọ́ Sátidé, ó kan ilẹ̀kùn mi, àwo kan wà lọ́wọ́ rẹ̀: èso ápù tí wọ́n gé wẹ́wẹ́, tí wọ́n fi ìyẹ̀fun bò, tí wọ́n yan, tó ṣì ń gbóná. Bí mo ṣe fẹ́ fi síbí gé e ni òórùn kan gbá mi nímú. Mo jókòó sórí ilẹ̀. Ìsàlẹ̀ Gángan ni mo wà, Tọ́sìdeè ni, Màámi ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìkòkò.

"Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ fi sínú rẹ̀?" mo bi í.

Ó sọ̀kalẹ̀, ó gbé ìgò kékeré kan wá, ó sì da díẹ̀ sí mi lọ́wọ́. Àwọn nǹkan dúdú tíntìntín bí ìṣó. Kànáfùrù ni. Kànáfùrù tí gbogbo ìyá arúgbó Ìsàlẹ̀ Èkó ń fi sí eyín tó bá ń dùn wọ́n. Ó ti wà ní kíṣìnnì ìsàlẹ̀ mi láti ọjọ́ tí mo ti dé ilé náà. Mo di ọwọ́ mi mọ́ ọn, mo sì sunkún níwájú obìnrin náà bí ọmọdé, òun náà jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì mi, kò sì lọ títí mo fi dákẹ́. Láti ọjọ́ náà, tí mo bá dín ẹja, kì í ṣí fèrèsé mọ́.

Ọdún mélòó kan kọjá kí n tó padà sílé. Ọ̀rọ̀ òmìnira ló wà lẹ́nu gbogbo ará Èkó nígbà yẹn. Bàbá Àgbà ti darúgbó, wọ́n dì mọ́ mi, wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í kí mi láti ìbẹ̀rẹ̀, mo dá gbogbo rẹ̀ lóhùn. Ọ̀sẹ̀ Àjíǹde ló bọ́ sí. Sìsí Àgbékẹ́ se fréjọ̀n, ó sì gbé tèmi wá nínú abọ́ búlúù yẹn, ata ẹja lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ibi tó bó lẹ́nu rẹ̀ ti fẹ̀ sí i. Àpótí Màámi ṣì wà nídìí ààrò, kò sẹ́ni tó jókòó lé e.

"Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń bu tìrẹ sínú abọ́ yìí," Sìsí ní. "Ojoojúmọ́ láti ọjọ́ tó o ti lọ. Tí ilẹ̀ bá mọ́, wọ́n á gbé e fún ẹni tó bá kọ́kọ́ kọjá. Nígbà tí àìsàn dé, wọ́n ṣì ń bù ú, wọn kì í sì jẹ tiwọn."

Mo gbé síbí sílẹ̀.

"Ọjọ́ tẹlifóònù yẹn, tá a dé láti Ìdúmàgbò, mo ti se fréjọ̀n sílẹ̀. Wọ́n ní kí n gbé abọ́ ẹ wá. Mo rò pé wọ́n fẹ́ bu tìrẹ sílẹ̀ ni. Wọ́n bù ú, wọ́n gbé e lé ẹsẹ̀, àwọn fúnra wọn jẹ ẹ́. Wọ́n jẹ ẹ́ tán. Mo ní, 'Màámi, ti àbíkẹ́yìn yín ńkọ́?' Wọ́n ní, 'Ó ti jẹun. Etí mi ni mo fi gbọ́ ọ.'"

Sìsí fi ẹ̀gbẹ́ ìró nu ojú.

"Látìgbà yẹn ni wọ́n ti ń jẹun díẹ̀díẹ̀, títí àìsàn náà fi wá borí wọn. Ohun kan ṣoṣo ló ń dùn wọ́n. Wọ́n ní ìlà já kí àwọn tó bi ọ́ léèrè ohun tó o jẹ. Títí wọ́n fi kú ni wọ́n ń sọ ọ́. 'Kí ni ọmọ yìí jẹ lọ́jọ́ yẹn?' Kò sì sẹ́ni tó lè sọ fún wọn." Ó wò mí. "Kí lo jẹ gan-an?"

Mo rántí ìkòkò tó jó, àti kóòtù tí mo wọ̀ nínú ilé.

"Fréjọ̀n ni, Sìsí."

Sìsí yí ojú sí àpótí tó wà nídìí ààrò.

"Màámi," ó ní, "fréjọ̀n ni ó jẹ."

Mo fa abọ́ búlúù náà mọ́ra, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun.